Bí àdúrà kò bá jáde lẹ́nu mọ́

Ẹ kú ìrọ́jú o. Ẹ ní bí ẹ bá kúnlẹ̀ lóru, ẹkún nìkan ló ń jáde, ẹ wá ń bẹ̀rù pé ìgbàgbọ́ yín ti tán. Ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti tán kì í jí kúnlẹ̀ lóru. Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu yín, ọ̀rọ̀ sì ṣeé yá.

Inú Sáàmù ni kí ẹ ti yá a. Ẹ fi 91 àti 121 tí gbogbo ayé ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp sílẹ̀ ná; ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti pòrúúru máa ń kà wọ́n bí ẹni ń purọ́. Sáàmù 13 ni kí ẹ mú. Ẹsẹ 6 péré ni. Nínú ẹsẹ 1 àti 2, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni Dáfídì bi Ọlọ́run pé yóò ti pẹ́ tó. Ẹ kà á jáde kí etí yín gbọ́, bí ẹ tilẹ̀ rọra kà á. Tí ẹ bá parí ẹsẹ 2, ẹ dúró, kí ẹ sọ ti yín gan-an. Ẹ má kàn sọ pé, "Olúwa, mo wà nínú ìṣòro." Ẹ sọ pé, "Olúwa, owó ilé pé lọ́jọ́ Ẹtì, kò sí kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi." Lẹ́yìn náà ni kí ẹ ka ẹsẹ 3 àti 4. Bí ìyìn tó wà nínú 5 àti 6 kò bá tọkàn yín wá, ẹ pa Bíbélì dé, ó dọ̀la. Sáàmù 88 kò tilẹ̀ débi ìyìn rárá, inú òkùnkùn ló parí sí. Ẹni tó bá sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn ráhùn sí Ọlọ́run, ẹ ní kó lọ kà á.

Bí ìyẹn náà bá wúwo, ẹ mú gbólóhùn kan ṣoṣo, irú èyí tó bẹ̀rẹ̀ Sáàmù 130: "Láti inú ibú wá ni èmi ké pè ọ́, Olúwa." Ẹ máa tún un sọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni Jésù gbàdúrà ní Gẹtisémánì, Mátíù 26:44 sì ní ọ̀rọ̀ kan náà ló tún sọ. Nígbà tí Hánà ń gbàdúrà ọmọ, ètè nìkan ló ń mì, tí Élì àlùfáà fi rò pé ọtí ló mu.

Ohun tó ń ba nǹkan jẹ́ jù ni ààwẹ̀. Ẹni tí kò rí oúnjẹ jẹ tẹ́lẹ̀, tí kò sùn, á tún gba ààwẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́fà fún ọjọ́ 7, á fi ìṣọ́ òru lé e. Kó tó di ọjọ́ kẹta, ọgbẹ́ inú á dìde, ojú á máa ṣú, á wá máa pe àìsùn ní ìran. Ẹ ka 1 Àwọn Ọba 19. Èlíjà ní kí òun kú, áńgẹ́lì kò wàásù fún un. Ó ní kó dìde jẹun. Ó jẹ, ó mu, ó tún sùn, ó tún jẹ, kó tó rin ìrìn 40 ọjọ́ lọ sí Hórébù. Nítorí náà, ẹ jẹun, ẹ lo oògùn yín bí dókítà ṣe kọ ọ́. Kò pọn dandan kí àdúrà jẹ́ ti aago méjìlá òru. Ìrọ̀lẹ́, òwúrọ̀ àti ọ̀sán ni Sáàmù 55:17 dárúkọ. Ẹ má sì jẹ́ ẹ̀jẹ́ kankan láàárín òru, gbèsè mìíràn ni.

Bó bá jẹ́ pé ọkàn yín ń sọ pé kí ẹ kú, ẹ má dá wà nínú yàrá. Ẹ pe ẹnì kan kó wá sùn tì yín lálẹ́ òní, kó sì sìn yín lọ rí dókítà tí ilẹ̀ bá mọ́. Kò di dandan kí onítọ̀hún mọ àdúrà gbà. Kó ṣáà ka Sáàmù náà sókè, kí ẹ̀yin ṣe àmín.