Wọ́n ti kéde ọ̀dá ní kántì wa, owó tèmi dà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Éékà 3 ni mo fi ń gbin ilá àti ewédú ní kántì kan ní Texas, àwọn èèyàn wa ní Houston ló ń rà á. Ọ̀dá ti jó gbogbo ẹ̀ tán. Wọ́n ní ìjọba ti kéde kántì wa, aládùúgbò mi tó ń gbin òwú sì ti gba ṣẹ́ẹ̀kì. Èmi ńkọ́?

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìrọ́jú o. Ọ̀rọ̀ "kéde" yẹn ló ń rú yín lójú, ẹ̀yin nìkan sì kọ́. Ìkéde kìí ṣe owó. Tí USDA, iléeṣẹ́ ètò ọ̀gbìn ìjọba Amẹ́ríkà, bá rí i pé kántì ti wà ní D2 (ọ̀dá tó le) fún ọ̀sẹ̀ 8 tẹ̀léra lásìkò ọ̀gbìn, tàbí pé ó tiẹ̀ kan D3 (ọ̀dá tó le jù bẹ́ẹ̀ lọ), nínú máàpù ọ̀dá tó ń jáde ní gbogbo Tọ́sìdé, wọ́n á kéde, ohun tíyẹn sì ṣí sílẹ̀ ni ẹ̀yáwó pàjáwìrì fún kántì yín àtàwọn tó bá a pààlà, ẹ ní oṣù 8 láti fi béèrè. Ẹ̀yáwó ni mo wí o, èlé ń bẹ lórí ẹ̀.

Aládùúgbò yín ti ra ìnṣọ́ránsì òwú kí òjò tó kọ̀ ni, ibẹ̀ ni ṣẹ́ẹ̀kì ẹ̀ ti wá, ìkéde ò mọ̀ nǹkan kan nípa ẹ̀. Fún ilá àti ewédú, ní ọ̀pọ̀ kántì, kò sírú ìnṣọ́ránsì bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ṣe NAP, ètò ìjọba tó ń dáàbò bo irúgbìn tí kò ní ìnṣọ́ránsì, ọ́fíìsì FSA (ẹ̀ka USDA tó ń rí sí àwọn àgbẹ̀) ti kántì yín ló ń bójú tó o. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ti forúkọ sílẹ̀ kí gbèdéke tó kọjá, lẹ́yìn ọjọ́ 30 ló sì máa tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiṣẹ́. Tẹ́ ò bá ṣe é, ọ̀dá ti ọdún yìí ti lọ báyẹn, kí n má tàn yín.

Ọ̀nà kan tó kù ni tí Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì bá dìídì fọwọ́ sí owó, bí wọ́n ṣe ṣe ní December 2024 fún àdánù ọdún 2023 àti 2024. Nígbà yẹn náà, àwọn tó ní ìnṣọ́ránsì tàbí NAP ni wọ́n kọ́kọ́ dá lóhùn, àwọn tí ò ní dúró de ìpele kejì, wọ́n sì ní dandan ni kí wọ́n ra ààbò fún ọdún 2 tó tẹ̀lé e. Torí náà ẹ tọ́jú rìsíìtì irúgbìn, fọ́tò oko, àti àkọsílẹ̀ ohun tẹ́ ẹ tà.

Fún ọdún tó ń bọ̀, owó ìforúkọsílẹ̀ NAP: dọ́là 325 lórí irúgbìn kan, kò gbọ́dọ̀ ju 825 lọ ní kántì kan. Tẹ́ ò bá tíì pé ọdún 10 nídìí oko, wọn ò ní gba kọ́bọ̀, fọ́ọ̀mù CCC-860 lẹ máa kọ. Green card ti tó, ẹ ò nílò láti jẹ́ ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Ẹ má retí owó ńlá ṣá o. Ká ní pound 10,000 ilá ni wọ́n gbà pé oko yín ń mú wá, ìdajì ẹ̀, 5,000, ni wọ́n ń dáàbò bò, tẹ́ ẹ bá kórè 2,000, wọ́n á sanwó 3,000 ní ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún iye tó ń lọ lọ́jà. Tí pound kan bá jẹ́ dọ́là 1, dọ́là 1,650 nìyẹn. Ẹ lè san kún un kí ààbò lè ga sí i.

Ibi tí wọ́n ti ń mú àwọn èèyàn wa jù ni fífi àdánù tó FSA létí. Ọjọ́ 15 lẹ́yìn tẹ́ ẹ rí àdánù ni ti gbogbo èèyàn, ṣùgbọ́n ohun tí wọ́n ń fọwọ́ já bíi ti yín, wákàtí 72 péré ni. Ẹ pè wọ́n lórí fóònù lọ́jọ́ náà gan-an, ẹ má tíì fọwọ́ kan oko kí wọ́n tó wá wò ó, ẹ má sì jẹ́ kí ìròyìn éékà tẹ́ ẹ gbìn pẹ́ kẹ́ ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Àti ewédú yẹn, ẹ bi wọ́n ní orúkọ tí wọ́n ń pè é nínú kọ̀ǹpútà wọn kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí nǹkan kan. Ẹ mú ewé ẹ̀ dání lọ.