Kí ni ká pe "emission" ní Yorùbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Òṣìṣẹ́ ìlera ni mí ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo níbí. Wọ́n gbé ìwé pélébé kan fún mi pé kí n túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn ìyá tó ń yan gàárì àti àwọn tó ń lo jẹnẹrétọ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀rọ̀ náà "emission" wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin: níbi jẹnẹrétọ̀, níbi igi ìdáná, níbi mọ́tò, àti níbi ìlérí tí ìjọba ṣe fún ọdún 2060. "Ìtújáde" ni mo kọ síbi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Nígbà tí mo kà á fún màmá mi, wọ́n ní, "Kí ló tú jáde? Níbo ló ti tú jáde?" Ọ̀rọ̀ wo ni kí n lò, sà?

Ìdáhùn: Ẹ bá mi kí màmá yín. Ìbéèrè tí wọ́n bi yín yẹn gan-an ló yẹ kí ògbufọ̀ kọ́kọ́ bi ara rẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé "emission" kó sì dákẹ́. Yorùbá kì í dákẹ́ síbẹ̀: èéfín ń rú, ìmọ́lẹ̀ ń tàn, òórùn ń run, ooru ń jáde lára irin gbígbóná. Ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ní orúkọ tirẹ̀ àti ọ̀rọ̀-ìṣe tirẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wá ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí ẹ máa fi bo ibi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Láti inú èdè Látìn ni ọ̀rọ̀ náà ti wá. "Mittere" ni kí a rán nǹkan lọ. "E" tó ṣáájú rẹ̀ ni "síta". Ẹbí kan náà ni òun àti "míṣọ̀n" tí a mọ̀, iṣẹ́ tí a rán ni. Ohunkóhun tí nǹkan kan bá ń rán jáde láti ara rẹ̀ ni Gẹ̀ẹ́sì lè pè bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí lẹ́tà E inú LED, gílóòbù tí gbogbo wa ń lò báyìí, fi dúró fún "emitting", pé ó ń tan ìmọ́lẹ̀ jáde. Ìdí nìyí náà tí ìwé dókítà fi lè lo ọ̀rọ̀ yìí fún àtọ̀ tó ń dà lára ọmọkùnrin lójú oorun. Ẹ rí i pé "ìtújáde" tí ẹ kọ lè gbé ẹlòmíràn lọ síbẹ̀. Bí ẹ bá sì bá àwọn ará wa láti Kétu tàbí Pọbẹ̀ ní ilẹ̀ Benin sọ̀rọ̀, "émission" tiwọn lédè Faransé, ètò orí rédíò ni.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sórí ti jẹnẹrétọ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀mí wà.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, èmi náà túmọ̀ irú ìwé yìí. "Ẹ ṣọ́ra fún èéfín jẹnẹrétọ̀" ni mo kọ, inú mi sì dùn sí i, torí kò sẹ́ni tí ò mọ èéfín. Lọ́jọ́ kan, mo yà sí ṣọ́ọ̀bù ìyá aláṣọ kan ní ọjà Ìgbọ̀nà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré, irú èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", ń ké lẹ́yìn ilẹ̀kùn, nínú ṣọ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọmọ kékeré kan ń sùn lórí ìdì aṣọ. Ìwé tí mo túmọ̀ wà lára ògiri lókè orí rẹ̀, wọ́n lẹ̀ ẹ́ dáadáa. Mo ní, "Mọ̀mí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e síta." Wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n na ọwọ́ sí ẹnu sàlẹ́ńsà, wọ́n ṣí àtẹ́lẹwọ́ hàn mí. Kò dú rárá. Wọ́n ní, "Ẹ wò ó, tuntun ni. Kì í rú èéfín."

Òótọ́ ni wọ́n sọ. Ohun tí mo kọ ni wọ́n ṣe. Èmi ni mo kọ ọ́ ṣì. A gbé jẹnẹrétọ̀ náà jáde, a gbé ọmọ náà síta, ó jí, ó ń sunkún, mo sì dúpẹ́ pé ó ń sunkún.

Carbon monoxide ni ohun tó ń pani nínú ohun tí jẹnẹrétọ̀ ń tú jáde. Kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, kì í ta ni lójú. Bí èèyàn bá ń fà á símú, á so mọ́ ẹ̀jẹ̀ lọ́nà tó fi ìlọ́po tó lé ní 200 ju bí oxygen ṣe ń so mọ́ ọn lọ, ẹ̀jẹ̀ ò wá ní rí oxygen gbé kiri ara mọ́. Orí á máa fọ́ni, òòyì á máa kọ́ni, èébì á máa gbéni. Ẹni tó bá ń sùn lè má mọ̀ kankan. Nítorí náà, ẹ má kọ "èéfín" níbẹ̀. Ẹ kọ ọ́ báyìí: "Gáàsì olóró kan ń ti ara jẹnẹrétọ̀ jáde. Ẹ ò lè rí i, ẹ ò sì lè gbóòórùn rẹ̀. Bí jẹnẹrétọ̀ ò tiẹ̀ rú èéfín, gáàsì yìí ń jáde." Lẹ́yìn náà, ẹ sọ ibi tí wọ́n máa gbé e sí: ìta gbangba, kó jìnnà sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn tó mítà 6, kí ẹnu sàlẹ́ńsà kọjú síbi tí kò sí èèyàn.

Níbi igi ìdáná, "èéfín" dára, torí wọ́n ń rí i, ojú wọn sì ń ta nídìí agbada. Ṣùgbọ́n ẹ fi gbólóhùn kan kún un nípa èédú. Èédú tó ti pọ́n dáadáa kì í rú èéfín, gáàsì kan náà yìí ló sì ń tú jáde. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá wọlé tí ọyẹ́ sì dé, àwọn kan á fẹ́ gbé e wọ yàrá kí wọ́n fi yáná.

Ti mọ́tò ò le: "èéfín àti gáàsì tó ń jáde lẹ́nu sàlẹ́ńsà."

Ti 2060 ni ìlérí tí Buhari, Ààrẹ ìgbà náà, ṣe ní ìpàdé àgbáyé lórí ojú ọjọ́ ní Glasgow ní 2021, pé Nàìjíríà máa dé "net zero". Kì í ṣe pé a ò ní tú nǹkan kan jáde mọ́. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná tí a ń tú sójú sánmà ò ní ju èyí tí igbó, ilẹ̀ àti ọ̀nà mìíràn ń gbà padà lọ. Ibí yìí nìkan ni "ìtújáde" ti lè dúró, bí ẹ bá sọ ohun tó tú jáde: "ìtújáde àwọn gáàsì tó ń mú ayé gbóná". Ẹ má kọ "èéfín" níbẹ̀ o. Gáàsì tó ń jáde lẹ́nu màlúù àti láti ààtàn wà nínú ìṣirò náà, wọn kì í sì í rú.

Bí wọ́n bá tún gbé ìwé lórí odò Ọ̀ṣun fún yín, lórí omi tó pọ́n nítorí àwọn tó ń wa góòlù lápá òkè odò, "discharge" tàbí "effluent" ni Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń lò fún ohun tí a dà sómi. Ẹ kàn kọ "ẹ̀gbin tí wọ́n dà sódò".

Kí ẹ tó fi ìwé náà ránṣẹ́, ẹ padà lọ kà á fún màmá yín. Ẹ má bi wọ́n bóyá ó yé wọn. Ẹ bi wọ́n pé níbo ni wọ́n máa gbé jẹnẹrétọ̀ sí lálẹ́.