Físíìsì ni mò ń kà: ṣé kí n fi minor kún un?

Ọmọ mi tó kọ̀wé láti Ọ̀bà-Ilé, l'Ákùúrẹ́,

O ní físíìsì lò ń kà ní yunifásítì kan l'Amẹ́ríkà, pé họlidé lo wá lò nílé, àti pé ọdún kẹta ló kàn ọ́. O fẹ́ fi minor, ìyẹn ẹ̀kọ́ kékeré kejì téèyàn ń kà mọ́ olórí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kún un. Ìṣirò ni ìwọ ń rò, ọ̀rẹ́ rẹ ní kọ̀ǹpútà ni, bàbá rẹ tó ń tajà l'Ọ́jà Ọba sì ti fàáké kọ́rí pé akáǹtì ni.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yanjú ti ìṣirò. Minor kì í sábà ju kọ́ọ̀sì márùn-ún sí mẹ́fà lọ, ẹni tó sì ń ka físíìsì ò lè sá fún calculus, linear algebra àti differential equations, tí gbogbo wọn jẹ́ kọ́ọ̀sì ìṣirò. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì ló kù fún ọ. Béèrè lọ́wọ́ adviser rẹ, olùkọ́ tó ń gbà ọ́ nímọ̀ràn lórí kọ́ọ̀sì. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, gbà á, kò ní ni ọ́ lára.

Ṣùgbọ́n mo ka lẹ́tà rẹ dáadáa. Ìlà kan péré lo fi sọ̀rọ̀ ìṣirò. Odidi ojú ìwé kan lo fi ròyìn prógírámù tó o fi Python, èdè kọ̀ǹpútà kan, kọ láti máa ka ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ kan, bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń dínkù díẹ̀ nígbàkígbà tí pílánẹ́ẹ̀tì rẹ̀ bá gba iwájú rẹ̀ kọjá. O ní ilẹ̀ mọ́ bá ọ nídìí ẹ̀. Ibẹ̀ lọkàn rẹ wà, ọmọ mi. Mú kọ̀ǹpútà. Data structures (bí a ṣe ń to dátà) àti algorithms (ìgbésẹ̀ tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé láti yanjú ìṣòro) tí wọ́n máa kọ́ ọ níbẹ̀, kíláàsì físíìsì kì í sábà kọ́ni.

Má ṣe tìtorí minor fi quantum mechanics (ẹ̀kọ́ físíìsì nípa àwọn ohun tín-ín-tìn-ín bí átọ́ọ̀mù) tàbí iṣẹ́ láàbù sílẹ̀ o! Bó o bá fẹ́ tẹ̀ síwájú lẹ́yìn dìgírì yìí, físíìsì rẹ àti ìwádìí tó o ti ṣe ni wọ́n máa kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí máàkì rẹ bá ń já wálẹ̀, mú kọ́ọ̀sì kọ̀ǹpútà méjì tó wúlò fún ọ jù, kó o jẹ́ kí minor máa lọ.

Ti bàbá rẹ ló ká mi lára jù. Kì í ṣe ọ̀tá rẹ. Ẹ̀rù ń bà á pé o lè kàwé tán kó o má ríṣẹ́. Má bá a jiyàn lórí fóònù tó o bá padà débẹ̀. Nísinsìnyí tó o ṣì wà nílé, jókòó tì í lálẹ́ tó bá ti ọjà dé, ṣí laptop rẹ, kó o fi prógírámù yẹn hàn án. Sọ fún un pé àwọn báńkì náà ń gba ẹni tó mọ irú iṣẹ́ yìí. Kó o wá kọ̀wé sí mi, kí n gbọ́ ohun tó sọ.