Ẹ Má Tíì Sọ Ẹ́ńjìn Yẹn Kalẹ̀

Ìbéèrè lórí kéèyàn tú ọkọ̀ kan kó fi ẹ́ńjìn ẹ̀ ṣe òmíì nílé ti ń wọlé sí wa léraléra, mo mú mẹ́ta nínú wọn. Ti àkọ́kọ́ ló máa gba àyè jù torí ibẹ̀ niṣẹ́ wà.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ní Honda Civic 1998 kan tí ẹ́ńjìn ẹ̀ ti kú pátápátá, mo wá ra Accord 2004 kan tí ọkọ̀ míì gbá lẹ́yìn, iwájú ẹ̀ ò ní nǹkan kan, ẹ́ńjìn K24 inú ẹ̀ ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo fẹ́ gbé ẹ́ńjìn yẹn sínú Civic. Mo ti yá kíréènì, ọ̀rẹ́ mi ní ká sọ ẹ́ńjìn kalẹ̀ ní Sátidé, ká ta ìyókù fáwọn tó ń ra irin lọ́jọ́ kejì. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀, kí ni mi ò sì gbọ́dọ̀ jù nù?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ọ̀rẹ́ ẹ ń kánjú. Ẹ́ńjìn àti jíà ni gbogbo èèyàn máa ń wò, bẹ́ẹ̀ àwọn yẹn ló rọrùn jù láti rí rà. Ohun tó mú kí odidi ọkọ̀ dáa ju ẹ́ńjìn tí wọ́n ti sọ kalẹ̀ lọ ni àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tí kò sẹ́ni tó máa tà wọ́n fún ẹ lọ́tọ̀: odidi wáyà tí wọn ò gé, bíréènì bọ́ọ̀sì (kọ̀ǹpútà tó ń darí ẹ́ńjìn) tòun ti kọ́kọ́rọ́ tó mọ̀ ọ́n, sẹ́ńsọ̀, irin kékeré tó gbé kọ̀ǹpírẹ́sọ̀ AC dúró, bọ́ọ̀tì kan báyìí tí gígùn ẹ̀ ò bá ti èyíkéyìí mu. Tẹ́ ẹ bá ta ìyókù lọ́jọ́ kejì, o ti ta ìdajì ohun tó o rà kó o tó mọ̀ pé o nílò ẹ̀.

Níwọ̀n ìgbà tí ọkọ̀ yẹn ṣì ń ṣiṣẹ́, àyẹ̀wò ni kó o kọ́kọ́ fi ṣe, torí tó o bá ti tú wáyà, àǹfààní yẹn ti lọ nìyẹn. Sítáàtì ẹ̀ láàárọ̀ nígbà tó tutù, kó o gbọ́ ohùn ẹ̀ dáadáa. Ṣéènì ló ń yí orí K24, tí ṣéènì yẹn bá ti fẹ̀ wàá gbọ́ tó ń ró gìrì-gìrì kó tó dákẹ́. Jẹ́ kó gbóná dé ibi tí fáànù rédíétọ̀ á ti máa yí fúnra ẹ̀, kó o wo èéfín: tó bá dà bíi búlúù, ó ń jẹ ọ́ìlì, tó bá funfun tí ò sì lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, omi ń wọnú síńlíńdà. Wa ọkọ̀ síwájú díẹ̀, fi rìn sẹ́yìn, kó o mọ bí jíà ṣe ń wọlé. Lẹ́yìn náà yọ plọ́ọ̀gì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kó o wọn kọ̀ǹpírẹ́ṣọ̀n (bí síńlíńdà ṣe ń fún afẹ́fẹ́ pọ̀ tó) ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tó kéré jù níbẹ̀ ò gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ju 75% èyí tó ga jù lọ. Kó o tún ki ẹ̀rọ OBD2, èyí tó ń ka àṣìṣe tí ọkọ̀ kọ sílẹ̀, bọ ihò tó wà lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù (láti 1996 ni gbogbo ọkọ̀ kékeré tí wọ́n ń tà ní Amẹ́ríkà ti gbọ́dọ̀ ní i), gbogbo kóòdù tó bá gbé jáde, kọ ọ́ sílẹ̀. Ìdí ẹ̀ ni pé tí kóòdù kan bá ti wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tí o ò mọ̀, ọjọ́ tó bá yọ nínú Civic wàá rò pé wáyà tó o fọwọ́ ara ẹ so ló fà á, wàá wá máa tú ohun tí ò bàjẹ́.

Ó yá, ká bọ́ sídìí wáyà, ibẹ̀ ni kó o ti lo àkókò jù. Tú bátìrì kúrò, négétíìfù kọ́kọ́. Ya fọ́tò gbogbo ìgun ibi tí ẹ́ńjìn wà kó o tó fọwọ́ kan nǹkan kan, láti òkè, láti ẹ̀gbẹ́, láti ìsàlẹ̀, kódà èyí tó o rò pé o ò lè gbàgbé. Lẹ́yìn náà mú tẹ́ẹ̀pù bébà àti bírò, kó o máa kọ orúkọ sí ibi méjì, sára ẹnu wáyà àti sára ohun tó wọ̀. Ẹnu wáyà ínjẹ́tọ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (tó ń fọ́n epo) bákan náà ni wọ́n rí, ti kọ́ìlì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin (tó ń fún plọ́ọ̀gì níná) náà bẹ́ẹ̀, téèyàn bá ṣi ọ̀kan so ẹ́ńjìn á máa gbọ̀n bíi pé ó ní ibà. Ọ́ìlì máa ń jẹ́ kí tẹ́ẹ̀pù bébà ṣí, torí náà fi sẹlotéépù wé e lórí. Tó o bá fẹ́ yọ ẹnu wáyà tó ti pẹ́ nínú ooru, ike ẹ̀ ti gan, má fi wáyà fà á o: kọ́kọ́ tì í wọlé díẹ̀, fi àtàǹpàkò tẹ ètè ẹ̀, ìgbà yẹn ló máa tú sílẹ̀ jẹ́jẹ́, tó o bá fà á tipátipá ètè yẹn á kán, á sì máa yọ fúnra ẹ̀ nígbà tó o bá ń wa ọkọ̀ lọ.

Má gé nǹkan kan. Mo mọ̀ pé pílíà ló yá jù, àwọn tó ń tú ọkọ̀ tà sì fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n wáyà tí wọ́n gé níbi irin tó pín inú ọkọ̀ níyà sí ibi tí ẹ́ńjìn wà, kò sí bó o ṣe máa mọ èwo ló bá èwo lọ tó bá ku ojú ibi tí wọ́n gé àti àwọ̀ tó ti ṣá. Wọnú ọkọ̀, tú dáṣíbọ́ọ̀dù, yọ ẹnu wáyà kúrò lára bíréènì bọ́ọ̀sì àti lára àpótí fíúùsì, kó o wá ti gbogbo ẹ̀ gba ihò rọ́bà jáde síwájú lódidi. Àpótí fíúùsì tó wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì náà, yọ ọ́ tòun ti rílè ẹ̀. Àwọn wáyà gíráǹdì tó so ẹ́ńjìn mọ́ ara ọkọ̀ ńkọ́? Kó gbogbo wọn, kó o sì fi fọ́tò sàmì ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti wá. Tí ẹ́ńjìn bá ti wọlé tán tó kọ̀ tí ò sítáàtì, gíráǹdì ni mo máa ń ní kéèyàn kọ́kọ́ wò.

Kọ́kọ́rọ́ Accord yẹn wá ni èyí táwọn èèyàn ń sọ nù jù. Immobilizer, ohun tí kì í jẹ́ kí olè sítáàtì ọkọ̀, wà nínú ọkọ̀ yẹn: ohun kékeré kan wà nínú orí kọ́kọ́rọ́ tó ń bá òrùka tó yí ihò kọ́kọ́rọ́ ká sọ̀rọ̀, òrùka yẹn ló máa sọ fún bíréènì bọ́ọ̀sì pé ẹni wa ni. Tí wọn ò bá mọ ara wọn, sítátà á yí, ẹ́ńjìn ò ní ṣiṣẹ́. Torí náà kọ́kọ́rọ́, òrùka, bíréènì bọ́ọ̀sì, kó gbogbo ẹ̀ sínú báàgì kan ṣoṣo, kó o sì gbé e wọlé. Àfi tó bá jẹ́ pé o ti pinnu láti lo bíréènì bọ́ọ̀sì tó ṣeé tò fúnra ẹni, irú èyí tí Hondata ń ṣe fún ẹ́ńjìn K. Bẹ ẹnu tírótù (ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọ ẹ́ńjìn) wò pẹ̀lú: tí okùn irin bá so mọ́ ọn, okùn Civic lè ṣeé lò tó o bá wá nǹkan ṣe sí i, tó bá jẹ́ wáyà nìkan ló lọ síbẹ̀, pẹ́dà Accord gbọ́dọ̀ bá ẹ́ńjìn lọ.

Bọ́ọ̀tì tó o bá tú, dá a padà sínú ihò ẹ̀ lójú ẹsẹ̀, èyí tí ò bá ṣeé dá padà kó wọnú ọ̀rá tó o kọ orúkọ sí. Bọ́ọ̀tì gígùn tó bá wọ ihò kúkúrú lára alumíníọ̀mù á fọ́ ọ, o ò ní mọ̀ títí ọ́ìlì á fi máa jò.

Ohun kan tí mi ò fẹ́ kó yà ẹ́ lẹ́nu nìyí: ẹ́ńjìn D tí wọ́n fi ṣe Civic ẹ, ọ̀nà kan ló ń yí, K24 ń yí sí òdìkejì, jíà ẹ̀ náà sì bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kejì. Ẹ́ńjìn sítíìnì Civic (irin àti rọ́bà tó gbé ẹ́ńjìn dúró) ò ní bá a mu, ti Accord náà ò ní bá ara Civic mu, àwọn tó ń ṣe sítíìnì fún iṣẹ́ yìí gan-an lo máa rà lọ́wọ́ wọn. Síbẹ̀ kó gbogbo irin tó wà lára ẹ́ńjìn àti ṣáàfù méjèèjì tó ń yí táyà, wọ́n á wúlò fún wíwọ̀n. K24 ga, wo bó ṣe máa jìnnà sí bọ́nẹ́ẹ̀tì tó kó o tó jó irin kankan pọ̀.

Tó bá kan sísọ kalẹ̀ fúnra ẹ̀, mi ò ní fà á gùn: yọ fíúùsì páńpù epo kó o sítáàtì ẹ̀ títí á fi kú kí epo tó wà nínú páìpù má baà fọ́n sí ẹ lójú (kó o ṣe èyí kó o tó tú bátìrì o), fa ọ́ìlì àti omi jáde, jẹ́ kí ẹ́ńjìn àti jíà jáde pọ̀, kó o má yọ táyà, kó o lè rí ọkọ̀ yẹn tì. Lẹ́yìn náà fi ohun tó ṣẹ́ kù síbẹ̀. Ó ń gba àyè, mo mọ̀, ṣùgbọ́n má tà á títí Civic á fi jáde tó sì rìn lójú títì.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin gbé ọkọ̀ kan sẹ́yìn ilé, ó ń tú u, iwájú ẹ̀ wà lókè. Ó ní òun mọ ohun tóun ń ṣe. Àwọn ọmọ ọmọ mi máa ń wá lópin ọ̀sẹ̀, ọkàn mi ò balẹ̀.

ÌDÁHÙN: Màmá, ẹ kú ìtọ́jú ilé. Ẹ má dá a dúró, ẹ kàn ní kó fi ohun tí ọkọ̀ yẹn jókòó lé hàn yín. Tó bá jẹ́ jáàkì nìkan, tàbí búlọ́ọ̀kù, ẹ má jẹ́ kó wọ abẹ́ ẹ̀ rárá. Jáàkì kàn ń gbé nǹkan sókè ni, irin ìdúró tó le tó wà lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú ló ń gbé e dúró, búlọ́ọ̀kù sì lè fọ́ láìsọ tẹ́lẹ̀.

Èkejì ni omi aláwọ̀ tó ń fà jáde látinú rédíétọ̀. Etílíìnì gláíkọ́ọ̀lù ló sábà máa ń wà nínú ẹ̀, ó dùn lẹ́nu, ìyẹn gan-an ló jẹ́ kó burú, ọmọdé á mu ún, ajá á lá a, ó sì ń ba kíndìnrín jẹ́ débi tó lè pààyàn. Kó wọnú kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí lójú ẹsẹ̀, kó má wọnú ike ohun mímu láéláé, epo pẹtiróòlù náà bẹ́ẹ̀. Tó bá fẹ́ yọ airbag (báàgì tó ń fẹ̀ láti gbani nígbà tí ọkọ̀ bá gbá nǹkan), kó ti tú bátìrì kó sì dúró ìṣẹ́jú mélòó kan kó tó fọwọ́ kàn án, tó bá sì ti yọ ọ́, ojú ẹ̀ ni kó kọjú sókè níbi tó bá gbé e sí. Gáàsì AC, kó má tú u sáfẹ́fẹ́: ó lè sun ara bíi yìnyín, R134a tó wà nínú ọ̀pọ̀ ọkọ̀ sì ń mú ayé gbóná ní ohun tó lé ní ìlọ́po 1,000 ti kábọ́ọ̀nù-dai-ọ́sáìdì. Ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń fà á ni kó pè.

Ẹ tún ní kó máa ti ilẹ̀kùn àti bútù ọkọ̀ yẹn ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ káwọn ọmọ tó dé.

ÌBÉÈRÈ: Ọ̀gá, ẹni tó fẹ́ ta ọkọ̀ fún mi ní ìwé ẹ̀ ti sọnù, pé ìwé ò ṣe pàtàkì ṣebí mo máa tú u ni. Ṣóòótọ́ ni?

ÌDÁHÙN: Rárá o. Ẹ́ńjìn ní nọ́ḿbà tí wọ́n tẹ̀ sára irin ẹ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ìwé fún ọkọ̀ tuntun yẹn wọ́n lè béèrè ibi tó ti wá, tó bá sì jẹ́ ẹrù olè, ọwọ́ yín ni wọ́n á ti bá a. Nọ́ḿbà VIN, ìyẹn nọ́ḿbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú àti èyí tó wà létí ilẹ̀kùn, lẹ́tà àti nọ́ḿbà 17 ni, kò sì sí I, O tàbí Q nínú ẹ̀. Ẹ fi méjèèjì wéra. Tí wọ́n bá ti ha ọ̀kan, ẹ máa lọ. Kẹ́ ẹ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀ rárá, ẹ ní kó fi fọ́tò nọ́ḿbà ẹ́ńjìn ránṣẹ́, kẹ́ ẹ wo ohun tó máa fi dá yín lóhùn.