Ṣé workhouse nìkan ni ọ̀nà tó wà fún ẹni tí ara rẹ̀ le?

Ìbéèrè: Wọ́n fún ọmọ mi ní iṣẹ́ àmúrelé lórí Ìlú Ọba láyé Ọbabìnrin Victoria. Ọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le ni, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ní ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta. Kí ló máa ṣe? Ṣé dandan ni kó wọ workhouse, ilé tí wọ́n ń kó àwọn aláìní sí?

Ìdáhùn: Kì í ṣe dandan. Ibi tó ń gbé ló máa sọ. Bó bá jẹ́ Scotland, ọ̀rọ̀ ti tán: òfin ọdún 1845 níbẹ̀ kò fún ẹni tí ara rẹ̀ le ní ẹ̀tọ́ sí ìrànwọ́ rárá.

Ní England àti Wales, òfin 1834 kó àwọn páríìṣì, ìyẹn àgbègbè kéékèèké tó ń bójú tó àwọn aláìní tirẹ̀, jọ sábẹ́ ìgbìmọ̀ alábòójútó. Kì í ṣe iwájú ìgbìmọ̀ ni bàbá yìí á kọ́kọ́ dé, bí kò ṣe ọ̀dọ̀ òṣìṣẹ́ tó ń pín ìrànwọ́. Òṣìṣẹ́ náà á béèrè iye tó ń wọlé fún un, á sì wádìí páríìṣì tó ti wá, torí wọ́n lè dá àlejò padà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló máa gbé ọ̀rọ̀ náà lọ síwájú ìgbìmọ̀.

Ní ọ̀pọ̀ ìgbèríko, àṣẹ ọdún 1844 ló ń ṣiṣẹ́: kò sí ìrànwọ́ nílé fún ọkùnrin tàbí obìnrin tí ara rẹ̀ le. Gbogbo ìdílé ló máa wọ workhouse pa pọ̀, wọ́n á sì pín wọn: bàbá lọ́tọ̀, ìyá lọ́tọ̀, ọmọ lọ́tọ̀. Bó bá fẹ́ jáde, á kọ́kọ́ fi tó wọn létí ní wákàtí mẹ́ta ṣáájú, á sì kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ dání. Àwọn tí àṣẹ náà yọ sílẹ̀ ni opó ní oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, ẹni tí ìṣòro òjijì bá, àti ilé tí àìsàn wà. Ibi àìsàn yìí ni àwọn alábòójútó ti ń ṣe ọgbọ́n. Bíbọ́ ìdílé kan nínú workhouse ń ná wọn ju ṣílè mélòó kan tí wọ́n á fún un nílé lọ, nítorí náà ikọ́ ọmọ kékeré lè tó ìdí láti fún bàbá rẹ̀ ní owó.

Ní àwọn ìlú ńlá, àṣẹ 1852 yàtọ̀. Bàbá lè máa gbé ilé rẹ̀, àmọ́ ó kéré tán, ìdajì ìrànwọ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ oúnjẹ tàbí èédú, á sì ṣiṣẹ́ fún un. Òkúta ló sábà máa ń fọ́. Àwọn mìíràn ń tú ògbólógbòó okùn ọkọ̀ ojú omi ní fọ́nrán fọ́nrán. Wọn kò fi iṣẹ́ yìí di dandan fún obìnrin. Níbi òkúta yìí gan-an ni ètò náà ti máa ń dàrú: ẹni tó ń fọ́ òkúta láti àárọ̀ kò ráyè wá iṣẹ́ gidi, òkúta náà kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ mú owó wọlé.

Lancashire, àgbègbè ìhunṣọ ní àríwá England, lọ́dún 1862 ni kí ọmọ yín yàn. Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ti dí ọ̀nà òwú, àwọn ilé iṣẹ́ ìhunṣọ ti tì. Ahunṣọ tí ọwọ́ rẹ̀ rọ̀ ni wọ́n ń fi sídìí òkúta, wọ́n sì ń kó àwọn ọ̀dọ́bìnrin lọ sí kíláàsì ìránṣọ. Nígbà tó di 1863, òfin tuntun jẹ́ kí àwọn ìlú yá owó láti fi gbẹ́ kòtò ìdọ̀tí àti láti ṣe ọ̀nà, kí wọ́n lè san owó iṣẹ́ fún àwọn tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn.