Àmù kì í darúgbó, ojú ihò ara rẹ̀ ló ń dí

Ẹ̀gbọ́n tó béèrè láti Ìkọ̀lé, ẹ kú àárò ìyá. Ẹ ní omi inú àmù tí ìyá yín fi sílẹ̀ kì í tutù mọ́. Àwọn kan ní àmù ti darúgbó, àwọn kan ní iyanrìn abẹ́ rẹ̀ kò fa otútù ilẹ̀ mọ́, àwọn míì ní ó ń ṣọ̀fọ̀ ẹni tó ni ín. Kò sí èyí tó rí bẹ́ẹ̀ níbẹ̀.

Òógùn ni àmù fi ń tutù. Amọ̀ tí wọ́n sun ní ihò wínníwínní; omi ń gba ibẹ̀ yọ síta, afẹ́fẹ́ sì ń gbẹ ẹ́. Omi kì í gbẹ láì gba ooru, ara omi tó kù nínú àmù ló sì ti ń gbà á. Bí ife omi kan, ìyẹn mìlílítà 250, bá gbẹ lára àmù tó gba lítà 20, ooru tó bá a lọ tó láti fi nǹkan bíi dígíríì 7 mú omi inú rẹ̀ tutù sí i, bí ooru ìta kò bá wọlé padà. Ìdí nìyí tí omi àmù fi ń tutù rinrin nígbà ọyẹ́, tí kì í fi bẹ́ẹ̀ tutù nígbà òjò: afẹ́fẹ́ ìgbà òjò ti mu omi yó.

Ọgbọ́n yìí kan náà ni Mohammed Bah Abba, olùkọ́ kan ní Jigawa, lò tó fi gba ẹ̀bùn iléeṣẹ́ aago Rolex lọ́dún 2000: ìkòkò kékeré nínú ńlá, iyanrìn tí wọ́n fi omi rin láàárín wọn. Iyanrìn yẹn wà láti di omi mú ni, kò fa otútù kankan.

Ẹ nu ẹ̀yìn àmù yín gbẹ, ẹ kún un, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ pa á lẹ́yìn wákàtí 3. Bí ọwọ́ bá gbẹ táútáú, ihò ti dí. Ọṣẹ àti epo ọwọ́ ló sábà máa ń dí i. Èyí tó funfun bí ẹfun lẹ́yìn rẹ̀, iyọ̀ inú omi kànga ni. Bó bá jẹ́ ọ̀dà ni ẹnìkan fi kùn ún kó lè dára lójú, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi í gbin òdòdó.

Ẹ da omi inú rẹ̀ nù, ẹ sá a sóòrùn fún ọjọ́ 2. Ẹ fi kànìnkànìn gbígbẹ àti iyanrìn kíkúnná fọ ẹ̀yìn rẹ̀. Ọṣẹ kò gbọdọ̀ kàn án rárá. Ẹ fún ọsàn wẹ́wẹ́ sórí ibi tó funfun, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30, kí ẹ tó ṣàn án. Ẹ kún un fún ọjọ́ kan, ẹ da omi yẹn nù. Ẹ má gbé e sínú iná nígbà tó bá ṣì tutù o: omi inú ihò á hó, àmù á sì bẹ́.

Ẹ gbé e ka òkúta 3 ní ọ̀ọ̀dẹ̀ tí atẹ́gùn ń gbà kọjá, kí abẹ́ rẹ̀ náà lè làágùn. Igun ilé ìdáná, tí atẹ́gùn kì í dé, ló ń pa ọ̀pọ̀ àmù.

Bó bá di pé ẹ ra tuntun ní Ìṣàn tàbí Ìgbàrà-Odò, níbi tí wọ́n ti ń mọ ìkòkò, ẹ fi ìka lù ú: tó bá dún gooro, kò sán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi orí ahọ́n kàn án lẹ́yìn. Èyí tó bá lẹ̀ mọ́ ahọ́n yín díẹ̀ ni kí ẹ sanwó rẹ̀.