Device mi ò sùn, tó bá sùn kì í dáhùn mọ́: báwo ni mo ṣe máa tọpa ẹ̀ nínú kernel?

Ìbéèrè: Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ o. Mò ń kọ driver kan (ètò tó ń darí ẹ̀rọ) fún Linux, device yẹn kì í sùn nígbà tó yẹ, ìgbà tó bá sì sùn, tó bá jí kì í dáhùn mọ́. Mo ti fi printk (àṣẹ tó ń kọ ọ̀rọ̀ sínú log kernel) síbi gbogbo, log kàn ń kún ni, mi ò rí nǹkan kan mú níbẹ̀.

Ìdáhùn: Ẹ kọ́kọ́ yọ àwọn printk yẹn kúrò jàre. Wọ́n máa ń fa iṣẹ́ sẹ́yìn, pàápàá tó bá jẹ́ serial console lẹ̀ ń lò, bọ́ọ̀gì tó jẹ́ ti àsìkò á wá sá pamọ́ fún yín.

Runtime PM, ìyẹn apá kernel tó ń mú device sùn nígbà tí kò bá níṣẹ́, ló ń darí èyí. Ẹ lọ sí fóldà device yẹn lábẹ́ /sys, ẹ wo power/control. Tó bá jẹ́ "on" ló wà níbẹ̀, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú, kò ní sùn láéláé, ẹ yí i sí "auto". Tó bá ti jẹ́ auto tí kò tún sùn, a jẹ́ pé nǹkan kan dì í mú nìyẹn, ẹ wo runtime_usage, kàǹtà tó ń ka àwọn tó ṣì ń lo device náà (tẹ́ ẹ bá kọ́ kernel pẹ̀lú CONFIG_PM_ADVANCED_DEBUG ló máa wà níbẹ̀). Ohun tí mo máa ń fura sí jù ni pm_runtime_get_sync, ìpè tó ń jí device: tó bá kùnà pàápàá ó ti fi ọ̀kan kún kàǹtà, àwọn èèyàn á sì return níbẹ̀ láìpe pm_runtime_put tó máa yọ ọ̀kan yẹn kúrò, kàǹtà ò ní padà sí 0 mọ́ nìyẹn.

Láti mọ ẹni tó ń jí i, ẹ kọ 1 sínú /sys/kernel/tracing/events/rpm/enable, kẹ́ ẹ wá ka fáìlì trace. Ẹ máa rí àsìkò, task tó pè é, àti èsì tí ìpè kọ̀ọ̀kan mú wá, -16 túmọ̀ sí EBUSY (ọwọ́ ẹ̀ dí). Ẹ kọ stacktrace sínú fáìlì trigger tó wà nínú fóldà rpm_resume níbẹ̀, gbogbo ọ̀nà tí ìpè yẹn gbà wá á jáde síta.

Tó bá jẹ́ PCI ni, ẹ má fi lspci (àṣẹ tó ń to àwọn device PCI) yẹ̀ ẹ́ wò o, tó bá wà ní D3cold (oorun tó jinlẹ̀ jù, tí iná ti kúrò lára device) lspci fúnra ẹ̀ á jí i, bí ẹni tó ń jí olóorun kó lè bi í bóyá ó ti sùn. Fáìlì power_state ni kẹ́ ẹ kà.

Ti pé kì í dáhùn yẹn, D3cold máa ń pa register (ibi tí device ń tọ́jú ètò ẹ̀ sí) rẹ́, ẹ rí i pé runtime_resume yín, iṣẹ́ tí kernel ń pè nígbà tó bá ń jí i, ń tún gbogbo ẹ̀ kọ. Tẹ́ ẹ bá ka register tí 0xffffffff ń jáde, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé device ò tíì jí nìyẹn. Tí runtime_status bá sì jẹ́ "error", callback yín (iṣẹ́ tí kernel ń pè nínú driver yín) ló dá èsì burúkú padà, PM core, tó ń ṣe runtime PM, ò sì ní pè é mọ́ títí ẹ máa fi tún un ṣe.